Kí ẹ tó ra ṣóòkù tuntun ní Port-Bouët, ẹ fi mọ́tímítà wò ó ná

Àárín òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Ébrié ni Port-Bouët wà, ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó para pọ̀ di ìlú Abidjan lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti ojú òkun kì í yan ohun tó máa jẹ níbẹ̀. Ó ń jẹ páànù òrùlé, ó ń jẹ géètì, ó sì ń jẹ ìdí wáyà lára ọkọ̀ àti sìkútà.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń lo kábúrétọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú, tó ń mu epo bí ẹni mu omi, àwọn mẹkáníìkì á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò gbọ́. Wọ́n á fọ kábúrétọ̀, kò gbọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ní ṣóòkù ló bàjẹ́, kí olówó lọ ra òmíràn wá. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ṣóòkù yẹn kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, kó jẹ́ pé ọ̀nà tí iná ń gbà dé ibẹ̀ ni iyọ̀ ti jẹ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá ni. Mọ́tímítà, míta kékeré ọwọ́ àwọn oníná, lè fi èyí tó jẹ́ òótọ́ hàn kí owó tó jáde lápò.

Kí ni iṣẹ́ ṣóòkù?

Bẹntiróòlù tó ṣì jẹ́ omi kì í jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnì; èyí tó ti di afẹ́fẹ́ ló ń jó. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, bíi kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń bá kìlógíráàmù epo 1 jó tán. Bó bá ṣì tutù, díẹ̀ nínú epo ló máa ń di afẹ́fẹ́, ìyókù á lẹ̀ mọ́ ara irin. Nítorí náà, ó nílò àfikún epo kó tó lè dìde.

Ṣóòkù ló ń pèsè àfikún yẹn. Lára ọkọ̀, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan ni lẹ́nu kábúrétọ̀, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù. Láyé àtijọ́, awakọ̀ ló ń fi ọwọ́ fà á. Èyí tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣí fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ ni sípíríǹgì kan wà tí wọ́n fi irin oríṣi méjì lẹ̀ pọ̀ ṣe. Bí iná bá mú un gbóná, apá kan á gùn ju èkejì lọ, sípíríǹgì á yí, ìlẹ̀kùn á sì ṣí. John Harrison, aláago ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lo ọgbọ́n irin méjì yìí nínú aago àwọn atukọ̀ ojú òkun láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nínú ọ̀pọ̀ sìkútà, ìda ló ń ṣe iṣẹ́ náà: bó bá gbóná, á wú, á sì ti abẹ́rẹ́ kan wọlé láti dí ọ̀nà àfikún epo.

Port-Bouët kì í tutù tó ilẹ̀ Yúróòpù. Níbẹ̀, ṣóòkù tó kọ̀ láti pa dé kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó kọ̀ láti ṣí ló ń jẹ owó. Epo tí kò jó á sọ púlọ́ọ̀gì di dúdú, á fọ ọ́ìlì kúrò lára irin inú ẹ́ńjìnì, èéfín olóró carbon monoxide á sì pọ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ

Àwọn Yorùbá tó wà ní Abidjan, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè yí padà bí èèyàn bá kọjá ẹnubodè. Ohun tí mẹkáníìkì Nàìjíríà ń pè ní ṣóòkù, "starter" ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é. Sítátà tiwa, ìyẹn mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnì, "démarreur" ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ra ọjà tí kò nílò.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní ṣóòkù. Ọkọ̀ tó ń lo díísẹ̀lì kò ní in. Ọkọ̀ tuntun tó ń fi kọ̀ǹpútà fọ́n epo kò ní in pẹ̀lú. Láti ọdún 2018 ni ìjọba Côte d'Ivoire kò ti fàyè gba kíkó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó bá ti ju ọdún 5 lọ wọlé, nítorí náà, àwọn ọkọ̀ tó ní kábúrétọ̀ ń dín kù. Sìkútà àti ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì ń rìn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Báwo la ṣe ń wò ó?

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná sìgá má sì sí nítòsí. Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ wo ìlẹ̀kùn ṣóòkù. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó pa dé. Ẹ tan ẹ́ńjìnì; láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó yẹ kí ìlẹ̀kùn náà ti dìde dúró gbọọrọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹ̀bi lọ síbòmíràn. Bí kò bá ṣí, ẹ gbé míta.

Àkọ́kọ́, ẹ wo bátìrì. Ẹ yí míta sí fóòtì DC, 20. Bátìrì tó kún, tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, máa ń fi bíi 12.6 hàn, bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5.

Èkejì, ẹ wo iná tó ń wọ ṣóòkù. Ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi ṣóńṣó dúdú kan orí òdì bátìrì, kí ẹ fi pupa kan ibi tí wáyà ti wọ ṣóòkù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó súnmọ́ iye ti bátìrì. Bó bá jẹ́ òdo, ẹ wo fíúùsì àti wáyà. Àwọn ọkọ̀ Ford àtijọ́ kan ń lo bíi fóòtì 7 láti ara ọ́tánétọ̀, iná AC sì ni ti àwọn sìkútà kan, nítorí náà, ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ náà wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ yọ wáyà ṣóòkù. Ẹ yí míta sí ohm, 200. Ẹ fi ṣóńṣó méjèèjì kan ara wọn ná, kí ẹ yọ iye tó bá fi hàn kúrò nínú ohun tí ẹ máa rí. Ẹ wá fi ọ̀kan kan ẹnu ṣóòkù, èkejì sí ara irin rẹ̀. Bó bá ní wáyà méjì, ẹ wọ̀n ọ́n láti ọ̀kan sí èkejì. Ohm mélòó kan túmọ̀ sí pé ó wà láàyè. "OL" tàbí "1" ní ìpẹ̀kun òsì túmọ̀ sí pé wáyà inú rẹ̀ ti já. Òdo túmọ̀ sí pé iná ti pàdé ara wọn, fíúùsì á sì máa jó. Ẹ má ṣe wọn ohm nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí iyọ̀ sọ di dandan

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Iná tó wọ ṣóòkù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì, ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà náà. Ẹ so wáyà padà, kí ẹ tan ẹ́ńjìnì. Ẹ yí míta sí fóòtì, kí ẹ fi pupa kan ara ṣóòkù, dúdú kan orí òdì bátìrì. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, irin ti dógùn-ún lójú ọ̀nà.

Òfin tí Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1827 ló ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ṣóòkù jẹ́ ohm 6, tí iná fóòtì 12 ń wọlé. Iná tó ń kọjá á jẹ́ ámpíà 2, ooru rẹ̀ á sì jẹ́ wáàtì 24. Bí ìdógùn-ún bá fi ohm 3 péré kún un, iná á rẹ̀ sílẹ̀ sí ámpíà 1.33, ooru ṣóòkù á sì di bíi wáàtì 10.7, kò tó ìdajì. Sípíríǹgì kò ní gbóná tó, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí tó bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá wọn ṣóòkù náà lọ́tọ̀, ohm 6 ni ẹ máa rí, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Míta á sì fi fóòtì 4 hàn lójú ẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ dè é le, kí ẹ sì fi gírísì bò ó kí iyọ̀ má baà tún dé ibẹ̀.

Bí gbogbo iye bá pé, tí ìlẹ̀kùn kò sì ṣí, ìdọ̀tí tàbí sípíríǹgì tó ti kú ló ń dá a dúró. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fa iná ṣóòkù láti ara kọ́ìlì. Á jí agbára tó yẹ kí púlọ́ọ̀gì fi sáná.

Vridi, nínú Port-Bouët kan náà, ni iléeṣẹ́ ìfọpo SIR tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 wà. Pé wọ́n ń fọ epo nítòsí kò sọ epo di ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí ojú míta kí ẹ tó ní kó mú owó wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀, ẹ béèrè iye tí míta sọ kí ẹ tó sanwó.