Iyanrìn Ìkòyí

Àwa ará Ifẹ̀wàrà mọ iyanrìn. Ọ̀pọ̀ wa ti rí àwọn tó ń wa ilẹ̀ létí odò, tí wọ́n ń fi omi ṣan iyanrìn nínú ọpọ́n títí wúrà á fi ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn iyanrìn Ìkòyí fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn eré gọ́ọ̀fù ni.

Ọdún 1969 ni ìdíje Nigerian Open bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Kẹ́ńyà ti dá tiwọn sílẹ̀ ní 1967, Zambia náà sì ń ṣe tirẹ̀. Ojú ọjọ́ ló so wọ́n pọ̀. Nínú oṣù kejì sí oṣù kẹta, òtútù ṣì ń jẹ wọ́n níyà ní ìlú Òyìnbó, ẹni tó bá sì ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kò rí pápá gidi ta. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ gbẹ, oòrùn ràn. Ni wọ́n bá ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù wọn bọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n á ta ní Èkó, wọ́n á ta ní Nairobi, wọ́n á ta ní Zambia. Safari ni wọ́n ń pe ìrìn-àjò ọdọọdún yìí.

Lee Elder, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gba ife-ẹ̀yẹ ti Nàìjíríà ní 1971. Ó ku ọdún mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó jẹ́ kí òun tàbí aláwọ̀ dúdú mìíràn ta gọ́ọ̀fù nínú ìdíje Masters nílẹ̀ tiwọn. Èkó ti mọ̀ ọ́n ní olúborí kí Augusta, ibi tí wọ́n ti ń ta Masters, tó ṣílẹ̀kùn fún un. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí.

Ṣùgbọ́n iyanrìn ni mo fẹ́ sọ. Níbòmíràn, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ ló yí ihò ká. Ní pápá Ìkòyí ní Èkó, níbi tí ìdíje yìí ti ń wáyé nígbà náà, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Búráwùn ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn kan bá ta kọjá, ẹsẹ̀ wọn á hàn lójú rẹ̀, ẹnì kan á sì ní láti fa ojú iyanrìn náà kó tún dán. Lórí ilẹ̀ tó dán bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ rẹ bá tọ́, bọ́ọ̀lù ò ní yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ní 1978, Sandy Lyle, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oníṣẹ́ gọ́ọ̀fù, gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 61 lọ́jọ́ kan àti 63 lọ́jọ́ kejì níbẹ̀; ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló ń borí. Òun náà ló gba ìdíje Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, tó sì gba Masters ní 1988. Èkó ló ti kọ́kọ́ borí.

Nígbà tó di oṣù kejì 1981, Peter Tupling ta 63, 66, 62 àti 64. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 255. Láti 1955 ni Mike Souchak ti fi 257 tirẹ̀ lélẹ̀ ní Texas, kò sẹ́ni tó tíì ta á kéré sí i. Pápá Ìkòyí kò gùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà kò ta 255.

Kẹ́ńyà di tirẹ̀ mú. Ní 2019, ìdíje wọn wọ ìpele àgbà ti ilẹ̀ Yúróòpù. Tiwa ò sí nínú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ wa, Ọ̀ṣun, ti ní pápá báyìí, MicCom ní Àdá, àwọn ọmọ wa sì lè rí gọ́ọ̀fù nítòsí.

Orúkọ Tupling wà nínú ìwé. Ẹni tí mo máa ń rò ni ẹni tó fa ojú iyanrìn ihò kejìdínlógún lọ́jọ́ náà, tó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn lè wọlé.