Odò Ló Ni Kàdúná: Ohun Tí A Rí Lórí Kẹ̀kẹ́ Láti Àárọ̀ Di Ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará wa tó fẹ́ wá jókòó sí Kàdúná kì í yé bi wá: ibo ni kí àwọn ti gba ilé? Ẹni tó ń fi mọ́tò rìn kò lè dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí mọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ga àti ìgbà tó ń rẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í purọ́. Bí ilẹ̀ bá ga, itan á sọ fún ẹ. Bó bá rẹlẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa sáré lọ fúnra ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwa méjì, Mùsùlùmí kan àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kan, fi gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ìlú ní ọjọ́ ọlidé kan nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Kẹ̀kẹ́ ni àwa ń pè é, keke náà ni àwọn Háúsá ń pè é, torí náà kò sẹ́ni tí a bi léèrè ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wa kò yé.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la kúrò ní Kawo, ní apá àríwá. A gba Ali Akilu Road títí a fi dé Lugard Hall, níbi tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ń jókòó sí. Ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìlú yìí. Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bíi Kano tàbí Zaria tó ní odi àti ààfin ọba. Lugard ló yàn án ní 1913, wọ́n sì kó ìjọba apá àríwá kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀. Omi odò wà níbẹ̀, ojú irin tó ń lọ sí Kano náà sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Ojú irin yìí kan náà ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa dé láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo. Yàtọ̀ sí àwọn Gbagyi tí wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà ní Kàdúná ló ti ibòmíràn wá.

Láti ibẹ̀ a yà sí Ungwan Rimi àti Malali. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra ẹ̀, a sì mọ̀ pé odò ti sún mọ́lé. Ilẹ̀ tó wà létí odò yìí ni àwọn Háúsá ń pè ní fadama. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: àkùrọ̀ ni. A rí ẹ̀fọ́, tòmátì àti ìrèké, a rí ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú oko, a rí àwọn tó ń wa yanrìn. Ilẹ̀ tó dáa fún oko ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kọ́lé sí i.

Ní Kabala, a rí ilà omi lára ògiri, ó ga tó ìbàdí àgbàlagbà. Àwa fúnra wa ti jẹ irú ìyà yìí rí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, a gba yàrá kan nísàlẹ̀ torí owó ẹ̀ kò wọ́n. Onílé kò sọ nǹkan kan. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, omi wọlé, ó ba ìdì aṣọ mẹ́ta jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òjò kò sì rọ̀ ní Kàdúná lálẹ́ ọjọ́ náà!

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Odò Kàdúná kò ṣẹ̀ nínú ìlú. Orí òkè Jos ló ti ń ṣàn bọ̀, kó tó gba ibí lọ pàdé Odò Ọya. Bí òjò bá rọ̀ gan-an lókè lọ́hùn-ún, omi á gba ọ̀nà ẹ̀ wá, ọ̀sán ò sí lójú ẹ̀, òru ò sí. Torí náà, ẹni tó ń wo ojú ọ̀run Kàdúná nìkan kò tíì wo nǹkan kan. Nígbà tí omíyalé ṣe ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ báṣubàṣu ní 2012, Kàdúná wà lára wọn.

A padà gòkè sí Ahmadu Bello Way, a kọjá Central Market, a sì gun afárá sọdá sí apá gúúsù. A dé Barnawa, a dé Sabon Tasha, a wá ṣẹ́rí padà sí Kakuri. Níbẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ aṣọ wà. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà sọ fún wa pé bí ilẹ̀ bá mọ́ nígbà náà, kẹ̀kẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ á kún ojú títì bí eéṣú. Nígbà tí iléeṣẹ́ ńlá UNTL ti ilẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàdánù iṣẹ́, àwa tí a ń ta ọjà fún wọn náà sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nípa odò yìí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Sharia ní 2000, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kó lọ sí gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kó lọ sí àríwá. Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ odò bí ẹni pé ògiri ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna South fúnra ẹ̀ ní Tudun Wada lápá ìhín, ó ní Kakuri lápá ọ̀hún. Àwa Yorùbá ńkọ́? Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Apá wo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ fẹ́ kó sí? Apá méjèèjì làwọn èèyàn wa wà, a sì gbọ́dọ̀ máa sọdá lọ kí ara wa.

Torí náà, ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ má ṣe bi ajẹ́ńtì nìkan. Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́. Ẹ wo ara ògiri. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkóríta pé ibo lomi dé ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà ládùúgbò náà kàn.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la tún sọdá afárá padà sí Tudun Wada. Itan ń ro wá gidi. Ìkejì wa kírun Màgáríbì, a jẹ mọ́sà gbígbóná, oníkálùkù sì gba ilé ẹ̀ lọ. Ẹ kú ìrìn o.