Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀? Ìjẹ́wọ́ Ìpalára ní Ilé-Ìwòsàn

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ojúṣe ilé-ìwòsàn nígbà tí ìtọ́jú bá pa aláìsàn lára. Èrò wa ni pé ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ sùn nìkan kò tó. Ilé-ìwòsàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní 1990, parasitamọ́ọ̀lù olómi tí a fi ń wo ibà ọmọdé pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Májèlé diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀. A máa ba kíndìnrín jẹ́ títí ọmọ kò fi ní lè tọ̀ mọ́. Ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Jos, ọmọ 47 ni a gbà wọlé, gbogbo wọn ni ó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn dókítà ibẹ̀ wá ìdí ọ̀ràn náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1992.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní Bẹyẹrúnká, tí ó ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní Ọjà'ba. Ara ọmọ gbóná, ó fún un lóògùn, ọmọ kú. Ibà ni yóò ka ikú náà sí. Bóyá yóò tilẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi májèlé náà hàn, ọwọ́ ìyá yìí kò sì tó àyẹ̀wò.

A dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. Síbẹ̀, ní 2008, májèlé kan náà wà nínú 'My Pikin', oògùn ọmọ tí ń hu eyín; àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 80. Òfin Ìlera ti 2014 gbà pé ẹnikẹ́ni lè fi ẹjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ sùn kí a sì wádìí rẹ̀. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ẹjọ́ ohun tí kò mọ̀ sùn? Ní England, láti 2014, ilé-ìwòsàn ni òfin pàṣẹ fún pé kí ó sọ ìpalára ńlá fún aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀, kí ó ṣàlàyé, kí ó sì tọrọ àforíjì.

Àwọn kan yóò ní ìjẹ́wọ́ a máa fa ẹjọ́ kóòtù. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn àgbà náà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣùgbọ́n òfin England ti 2006 ti là á pé àforíjì nìkan kì í ṣe gbígba ẹ̀bi. Bí òfin tiwa bá dáàbò bo dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó sọ òtítọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá tí a wí yìí kò ní máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.