Bọ́ńpà Ìjàpá: Bóòtì Wo Ló Bá A Mu?

Ta ni nínú wa tí kò mọ ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn òbí wa ń pè ní Ìjàpá? Ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, ohùn rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà. Lóde òní àwọn ènìyàn ti tún ń wá a kiri. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ tún Ìjàpá bàbá òun ṣe, ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀dà ló ń tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí í rántí bọ́ńpà títí di ìgbà tí ó bá ku ọjọ́ mélòó kan kí ọkọ̀ jáde. Bọ́ńpà wà nílẹ̀ nígbà náà, ó ń dán yanran, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ó fi dè é mọ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìsàlẹ̀ wa ti fi Ìjàpá rẹ̀ ta wá lọ́rẹ, ó ní bí a bá lè tún un ṣe, kí ó máa gbé àlejò pàtàkì wọlé ní Ọjọ́ Àṣà. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò sì gbà kí a ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a ṣe àlàyé ohun tí a rí kọ́, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kì í ṣe Ìjàpá kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ̀ yìí ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ kí wọ́n tó ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, bọ́ńpà rẹ̀ sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyípadà tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti oṣù kẹjọ ọdún 1967 ní Jámánì. Ṣáájú ìgbà náà, bọ́ńpà Ìjàpá tẹ̀ kọdọrọ, ó lọ sílẹ̀, ó sì ní ìwo méjì tó nàró lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di onígun, tí wọ́n sì gbé e sókè. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, wọ́n ní láti gé bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú àti ìdérí ẹ́ńjìnnì kúrú, wọ́n sì yí fẹ́ńdà padà pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra bọ́ńpà onígun fún ọkọ̀ ọdún 1965 kò tíì ra nǹkan kan. Ihò ara fẹ́ńdà kò ní bá a mu, bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an yóò bá a jà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni iná tí a fi ń ṣẹ́ kọ́nà níwájú tún sọ̀kalẹ̀ láti orí fẹ́ńdà wọ inú bọ́ńpà, ìyẹn sì tún jẹ́ bọ́ńpà mìíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ tàn yín jẹ. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà, ní ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, láti Brazil ni páàtì tí wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀ sì ti ń wá. Àwọn ará Brazil kì í sáré yí nǹkan padà bí àwọn ará Jámánì. Fèrèsé kékeré tí Jámánì ti pa tì ní ọdún 1964 ni Ìjàpá ti Brazil ń lò títí dé òpin. Nítorí náà, ọkọ̀ méjì lè jẹ́ ọdún kan náà, kí ọ̀kan ti Jámánì wá, kí èkejì jẹ́ ọmọ Brazil tí a tò pọ̀ l'Ékòó, kí páàtì wọn má sì bára mu. Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, kò sí ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ kì í dé!

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Lórí irin tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ já, ẹ ó rí nọ́ńbà ṣáásì. Lára ọkọ̀ Jámánì tí wọ́n ṣe láàárín 1965 sí 1969, nọ́ńbà kẹta ló ń sọ ọdún: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 118, ti 1968 ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 1967. Ti Brazil ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, kí ẹ sì mú un lọ sọ́jà. Bí ẹ bá rí páàtì tó ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lára, ẹ wo àárín rẹ̀. Ẹ̀ka 707 ni bọ́ńpà àti ohun tó ń gbé e dúró. Bí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kò bá ṣeé pín sí méjì, ti ọwọ́ òsì ni, bí ó bá ṣeé pín, ti ọ̀tún ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tó ń gbé bọ́ńpà dúró gan-an. Irin méjì ló máa ń yọ láti ara ọkọ̀, wọ́n gba inú ihò fẹ́ńdà jáde, wọ́n sì di bọ́ńpà mú. Àwọn ni a ń pè ní apá bọ́ńpà. Rọ́bà kan máa ń yí apá náà ká níbi tó ti gba inú fẹ́ńdà jáde, kí omi àti ẹrẹ̀ má baà wọlé, kí irin má sì máa gún irin. Bóòtì ló di apá mọ́ ara ọkọ̀, bóòtì mìíràn ló di bọ́ńpà mọ́ apá. Nọ́ọ̀tì tó gba bóòtì ti ara ọkọ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ mú, wọ́n ti jó o mọ́ inú ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nìyí. Àwọn mẹkáníìkì wa kì í pe bóòtì ní orúkọ rẹ̀, sípánà tó ń tú u ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n á ní, "Fún mi ní bóòtì 13." Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn bí gbogbo ọkọ̀ bá jẹ́ ti Jámánì tàbí Peugeot, nítorí mìlímítà ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi Morris Minor, íǹṣì ni. Bóòtì Ìjàpá tó ń di bọ́ńpà mọ́ apá, mìlímítà mẹ́jọ ni ìbú rẹ̀, sípánà 13 ló ń tú u. Bóòtì Gẹ̀ẹ́sì tó sún mọ́ ọn jẹ́ íǹṣì márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún, èyí tí í ṣe mìlímítà 7.94. Sípánà ìdajì íǹṣì ló ń tú ìyẹn, ìdajì íǹṣì sì jẹ́ mìlímítà 12.7. Ẹ ò rí i! Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì á sì wà nínú agolo mílíìkì kan náà ní ìsọ̀ alágbàtà.

Eyín bóòtì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ló ń tú wọn fó. Ẹ fi rúlà ka eyín mẹ́wàá. Ti Ìjàpá yóò gba mìlímítà 12.5. Ti Gẹ̀ẹ́sì tí eyín rẹ̀ fín yóò gba bíi 10.6, èyí tí eyín rẹ̀ le yóò gba bíi 14.1. Ẹni tí kò ní rúlà, kí ó fi bóòtì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, eyín sí eyín, kí ó gbé e kọjú sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín wọn, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìka ọwọ́ náà ń sọ òtítọ́: nọ́ọ̀tì tó bá bóòtì mu yóò yí dé ìdí láìlo sípánà. Èyí tó bá yí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó sì há, ẹ má fi agbára sí i. Ọ̀gá kan tí a bá lọ́jà ní kí a ṣáà fi sípánà gùn ún, pé yóò wọlé. Lóòótọ́ ni yóò wọlé, ṣùgbọ́n eyín nọ́ọ̀tì inú ara ọkọ̀ ni yóò jẹ, ìyẹn kò sì ṣeé pààrọ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ tún wo orí bóòtì. Bí ẹ bá rí 8.8, bóòtì mìlímítà tó lágbára ni, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ ilà mẹ́ta tàbí mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, ti íǹṣì ni. Èyí tí kò ní àmì kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kan àga.

Bí nọ́ọ̀tì inú ọkọ̀ bá ti dógùn-ún, ẹ da kẹrosíìnì sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ tún da òmíràn sí i kí ẹ tó tú u. Ṣùgbọ́n àwọn oníwẹ́dà kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ìbéèrè ni iná jẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n á ní kí a kúkú jó bọ́ńpà mọ́ ọkọ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé iwájú ni táńkì epo Ìjàpá wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò jìnnà sí ibi tí apá bọ́ńpà ti wọlé. Bí a bá tilẹ̀ ti fa epo inú rẹ̀ tán, òórùn epo tó ṣẹ́kù nínú táńkì òfìfo lè bú gbàù. Bí ìwẹ́dà bá di dandan nítorí pé irin ti jẹrà, kí wọ́n kọ́kọ́ tú táńkì kúrò pátápátá, kí wọ́n gbé e jìnnà, kí wọ́n sì tú okùn bátìrì, èyí tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn.

Ní ti ibi tí a ti ń rà á, àwa tí a wà ní òkè ọya yìí ní Panteka ní Kàdúná, níbi tí àwọn oníṣẹ́ irin pọ̀ sí. Ẹni tó bá ń lọ ilé ní ọlidé lè ya Ládípọ̀ ní Mushin. Níbikíbi tí ẹ bá ti rà á, bí ó bá jẹ́ láti ara ọkọ̀ tó ti kú, ẹ ra bọ́ńpà, apá àti bóòtì rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alágbàtà máa ń fẹ́ ju bóòtì nù, ẹ ní kí ó kó o fún yín.

Ìdè rẹ̀ kò le. Ẹ ti rọ́bà bọ ihò fẹ́ńdà, ẹ ki apá bọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtì láìfún un. Ẹ gbé bọ́ńpà lé e, kí ẹnì kan jìnnà sẹ́yìn kí ó wò ó bóyá ó tẹ̀ sí apá kan. Bí ó bá gún tán, ẹ wá fún bóòtì ara ọkọ̀ ṣáájú, kí ẹ tó fún ti bọ́ńpà, pẹ̀lú wọ́ṣà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ bá ti rìn lójú títì, ẹ tún fi sípánà 13 kàn wọ́n wò, nítorí rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀.