Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ọmọ Kàbà Tó Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní láti rìn jìnnà: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà ní Obangede, ti ìjọ ECWA sì wà ní Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn wọn ti wà láti 1952.

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, kó má ju ìjókòó méjì lọ: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú físíìsì. Ìdánwò JAMB náà ti di dandan báyìí fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Ní 2025, máàkì 140 ló kéré jù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ká mi lára jù. NIN ni JAMB fi ń forúkọ sílẹ̀. Bí NIN bá gbé “Olufunmilayo”, tí WAEC gbé “Funmilayo”, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ tẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti WAEC sórí tábìlì lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìṣe bá wà lórí NIN, ẹ tètè lọ sí ọ́fíìsì NIMC kí JAMB tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù.