Bí Orúnkún Bá Ń Dun Oníṣẹ́ Irin

Oríṣiríṣi ni làkúrègbé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni osteoarthritis, tó máa ń ba oríkèé jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, kèrékèré tó ń dán ló bo orí wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí àìsàn yìí bá wọlé, kèrékèré náà a fẹ́lẹ́, a sì ya. Eegun abẹ́ rẹ̀ a le sí i, a tún máa hù ṣónṣó létí oríkèé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 ènìyàn ló ní in. Orúnkún ló ń bá jà jù lọ.

Ọjọ́ orí ń dá kún un, àmọ́ òun nìkan kọ́. Ara tó sanra jù, ìfarapa àtijọ́ àti àjogúnbá náà wà níbẹ̀. Ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Iṣẹ́ agbára tún ń fà á. Ní Owódé Onírin, ọjà irin tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, alábàárù ń ru irin, ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì sì ń lóṣòó fún wákàtí púpọ̀. Orúnkún tó ká lábẹ́ ẹrù wúwo lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa fi ẹ̀hónú hàn.

Irora rẹ̀ a máa le nígbà tí ènìyàn bá ń rìn tàbí tó ń gun àtẹ̀gùn, a sì dẹwọ́ bó bá sinmi. Láàárọ̀, oríkèé a gan, àmọ́ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ kó tó tú. Bí orúnkún bá wú lójijì, tó gbóná, tí ibà sì dé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Kèrékèré tó ti jẹ kì í hù padà bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n irora ṣeé dín kù. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kọ́ ni ìwòsàn rẹ̀, torí iṣan itan á rọ, ìnira á sì bọ́ sórí oríkèé. Kí aláìsàn jókòó sórí àga, kó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó sì tún un ṣe ní ìgbà mẹ́wàá. Rírìn níwọ̀nba náà dára. Kílò kan tí ẹni tó sanra bá fi fúyẹ́, ó ń gbé bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fi ọmọlanke gbé ẹrù, kó sì jókòó sórí àpótí dípò lílóṣòó. Bí aláìsàn bá ń fi ọ̀pá rìn, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kó fi dì í mú.

Ìpara diclofenac lè ran orúnkún lọ́wọ́. Ibuprofen tí a ń gbé mì lemọ́lemọ́ lè dá ọgbẹ́ sí inú, kó ba kíndìnrín jẹ́, kó sì mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Kápúsù tàbí àgbo aláìlórúkọ tó ń pa irora lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lè ní steroid nínú. Bó bá pẹ́ lára, a máa sọ eegun di aláìlágbára, a sì máa gbé ṣúgà sókè.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un rọ̀, tí ènìyàn kò lè sùn tàbí rìn dáadáa mọ́, iṣẹ́ abẹ tí a fi ń pààrọ̀ orúnkún wà. Ilé Ìwòsàn Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìgbóbì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1943 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà. Dókítà eegun ibẹ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ abẹ náà tọ́ sí aláìsàn.