Wọ́n ra ẹ̀rọ, ṣé wọ́n ra ìmọ̀ rẹ̀? Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó buwọ́ lù ú

Ẹ yà sí ìsọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry ní Ìjànìkín, kẹ́ ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́. Yóò sọ fún yín pé àdéhùn ló ń ṣáájú. Iye ọdún tọ́mọ yóò lò, owó tí bàbá rẹ̀ yóò san, ọjọ́ tí yóò gba fírídọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ kedere. Ọ̀gá tó bá gbowó tán, tó wá ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ilé láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò jẹ́ kó fojú kan ẹ́ńjìnnì, ọ̀dájú ni wọ́n máa pè é.

Àṣé bọ́rọ̀ ṣe rí láàárín ìjọba àti àwọn tó ń tajà fún un náà nìyẹn!

Lọ́dún 1999 tí ìjọba àpapọ̀ dá NASRDA sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń rí sọ́rọ̀ òfuurufú, Nàìjíríà ò tíì ní sátẹ́láìtì kankan. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ SSTL ní Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbà lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kàn kówó sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ́rù o. Ó wà nínú àdéhùn pé SSTL yóò kọ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà níṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, 2003, NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà.

Algeria, Turkey àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ SSTL, ni wọ́n bá jọ dẹgbẹ́. Kálukú ló ni tiẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣàdéhùn pé bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, àwọn yóò yọ ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ sátẹ́láìtì àwọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìjì Katrina fọ́ New Orleans lọ́dún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn tó ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́. Nàìjíríà ló ń ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ yẹn!

Àdéhùn kejì tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí SSTL ṣe ń ṣe NigeriaSat-2, àwọn ẹnjiníà wa 26 ń fọwọ́ ara wọn ṣe NigeriaSat-X. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì gbéra, ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, 2011.

Síbẹ̀, Guildford ni wọ́n ti kàn án, kì í ṣe Àbújá. Ọmọ iṣẹ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù tí kò ní ìsọ̀, ilé ọ̀gá náà ni yóò máa padà sí.

Òfin tó yẹ kó gba aráàlú lọ́wọ́ irú ẹ̀ ti wà tipẹ́. Òfin 70 ti 1979 ló bí iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NOTAP lónìí. Òfin yìí ní kí wọ́n forúkọ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báǹkì ò gbọdọ̀ sanwó rẹ̀ sókè òkun. NOTAP lè kọ àdéhùn tó bá ní ọ̀dọ̀ olówó ẹ̀rọ nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa ra páàtì, èyí tó bá dí yín lọ́wọ́ láti ṣèwádìí tiyín, tàbí èyí tó bá ju ọdún 10 lọ. Àmọ́ wọ́n fi àyè kan sílẹ̀: bí ìgbìmọ̀ NOTAP bá ní ó ṣe orílẹ̀-èdè láǹfààní, ó lè kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Ìjànìkín gbọ̀ngbọ̀n. Láti oṣù kẹsàn-án, 2023, ni ọkọ̀ ojú irin tí iléeṣẹ́ CCECC láti Ṣáínà ṣe ọ̀nà rẹ̀ ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, Okokomaiko sì ni wọ́n ṣètò pé yóò dé. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ lọ́nà ńkọ́? Ṣé ọmọ wa ni yóò mú sípánà, àbí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ Ṣáínà láago? Inú ìwé àdéhùn ni ìdáhùn wà. Kí wọ́n ṣí i síta, ká jọ kà á!